Màmá ń lọ wẹ ọmọ ní Manchester, Bàbá wà ní Ìkẹ́rẹ́ pẹ̀lú fóònù onítọ́ọ̀ṣì

Ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ló kọ̀wé sí mi. Ọmọ wọn obìnrin máa bímọ ní Manchester ní oṣù kẹsàn-án, wọ́n sì fẹ́ lọ bá a wẹ ọmọ. Wọ́n máa lò tó oṣù márùn-ún, wọ́n á sì yà sọ́dọ̀ ọmọ wọn ọkùnrin ní Houston ní oṣù kìíní kí wọ́n tó padà wálé. Tecno oníkáàdì méjì ni wọ́n ń lò. Fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì ni ti Bàbá, ọkọ wọn, Bàbá ò sì fẹ́ gbọ́ ohunkóhun nípa WhatsApp. Ohun tí wọ́n béèrè nìyí: “Ṣé láìnì mi máa ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún? Báwo ni mo ṣe máa máa bá Bàbá sọ̀rọ̀ tí owó ìpè ò fi ní jẹ owó ìfẹ̀yìntì mi tán? Àbúrò mi ní kí n fi síìmù mi sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun, kí òun máa bá mi gba álẹ́ẹ̀tì. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀?”

Màmá, ẹ kú ìmúra ìrìnàjò. Àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní la ó gbọ́.

Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn ni mo máa fi ṣíwájú, torí òun ló léwu jù. Ẹ má fi síìmù yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Mi ò sọ pé àbúrò yín kì í ṣe olóòótọ́. Nọ́ńbà yẹn ti kọjá nǹkan ìpè lásán, kọ́kọ́rọ́ ilé owó yín ni. Òun ni báńkì ń fi nọ́ńbà àṣírí ránṣẹ́ sí nígbà tí ẹ bá fẹ́ sanwó, òun ni wọ́n so mọ́ NIN yín àti BVN yín, òun náà ni WhatsApp yín dúró lé. Nọ́ńbà àṣírí báńkì kì í sì í pẹ́ kó tó kú. Kí àbúrò yín tó rí i ní Ìkẹ́rẹ́, kó tó pè yín, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ ní Manchester, àkókò rẹ̀ á ti kọjá. Bí wọ́n bá tún wá jí fóònù tí síìmù náà wà nínú rẹ̀ lọ́jà, ẹni tó jí i lè máa gba àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì yín kí ẹ tó gbọ́. Tí ẹ bá sì fẹ́ gba síìmù mìíràn, ẹ̀yin fúnra yín pẹ̀lú NIN yín ni wọ́n máa bèèrè ní ọ́fíìsì, ẹ ò sì ní sí nílé.

Nítorí náà, síìmù yín á bá yín lọ. Inú Tecno yín ni kó wà, ní ihò àkọ́kọ́. Ihò kejì la máa fi síìmù ti ọ̀hún sí.

Ó máa ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ ní kí wọ́n ṣí roaming fún yín kí ẹ tó kúrò ní Nàìjíríà. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín ní Adó, ẹ ní kí wọ́n ṣí i lójú yín, ẹ sì bi wọ́n ní iye tí ìpè àti àtẹ̀jíṣẹ́ jẹ́ ní UK àti ní Amẹ́ríkà, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Roaming túmọ̀ sí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì Manchester á gba láìnì yín lálejò, á sì máa fi ìwé owó ránṣẹ́ sí ti Nàìjíríà. Ìdí nìyẹn tó fi wọ́n. Ohun tó ń ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu jù ni pé ẹni tó wà lórí roaming ń sanwó ìpè tó bá gbé pàápàá. Ẹni tó pè yín láti Ìkẹ́rẹ́ á rò pé Ìkẹ́rẹ́ náà lẹ wà, owó tiẹ̀ ò ní ju ti ìpè ojoojúmọ́ lọ, kírẹ́díìtì yín lá máa ṣàn lọ. Àtẹ̀jíṣẹ́ tó ń wọlé ni kì í sábà gba owó, òun gan-an la sì fẹ́ nítorí báńkì.

Torí bẹ́ẹ̀, ẹ kó kírẹ́díìtì díẹ̀ sórí láìnì náà, ẹ tẹ ##002# kí ẹ tó wọ ọkọ̀ òfuurufú láti pa gbogbo ìdarí ìpè lọ sí voicemail (ẹ̀rọ tó ń dáhùn nígbà tí ẹ kò bá gbé ìpè), ẹ pa data roaming nínú Settings, kí ẹ sì sọ fún gbogbo ẹbí àti ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì pé láti ọjọ́ tí ẹ bá ti lọ, kí ẹnikẹ́ni má pe nọ́ńbà yẹn mọ́, WhatsApp ni kí wọ́n pè. Tó bá dún, ẹ jẹ́ kó dún tán, kí ẹ wá fi WhatsApp pe ẹni náà padà. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé kóòdù báńkì tó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìràwọ̀, ó sábà máa ń kọ̀ lórí roaming. Ẹ fi áàpù báńkì yín sórí Tecno náà báyìí, kí ẹ lò ó nílé títí ọwọ́ yín á fi mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà lórí síìmù yìí tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn gan-an. Òfin NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ni pé láìnì tí ẹni tó ni ín kò bá ná owó kankan lórí rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, ilé-iṣẹ́ lè pa á. Bí oṣù mẹ́fà mìíràn bá tún kọjá lórí rẹ̀, wọ́n lè gba nọ́ńbà náà kí wọ́n fún ẹlòmíràn. Àtẹ̀jíṣẹ́ tó ń wọlé kò ní kà, torí kì í ṣe owó yín ló ń ná. Oṣù mẹ́fà náà sì ni físà àbẹ̀wò UK sábà máa ń gbà yín láàyè láti dúró! Mo ti rí àwọn ìyá tí wọ́n lọ wẹ ọmọ, tí wọ́n ní kí wọ́n tún dúró díẹ̀ sí i, tí wọ́n dé tí láìnì wọn ti kú. Ẹ̀yin kò ní ju oṣù márùn-ún lọ, àmọ́ ẹ má fi ṣeré: lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ fi síìmù Nàìjíríà náà fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan péré ránṣẹ́ sí Bàbá. “Mo wà dáadáa” ti tó.

Ẹ jẹ́ kí n wá wí nípa nọ́ńbà, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àlejò ti ń kọsẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bí ẹ bá fi síìmù Manchester tẹ 0803 àti ìyókù rẹ̀, kò ní lọ. Òdo iwájú yẹn, inú Nàìjíríà nìkan ló wúlò. Ẹni tó bá wà níta gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kúrò kó fi +234 rọ́pò rẹ̀: +234 803, kí ẹ tó tẹ ìyókù. Tí ẹ bá tẹ òdo mọ́lẹ̀ títí fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan, + á jáde. Àmì yẹn ló dára jù, nítorí pé bákan náà ló ń ṣiṣẹ́ níbi gbogbo. Ẹni tí fóònù rẹ̀ kò bá ní i á tẹ 009 láti Nàìjíríà, 00 láti UK, 011 láti Amẹ́ríkà. Ẹ má lọ máa há ìwọ̀nyẹn sórí. Ẹ ní kí ọmọ ilé kan jókòó tì yín ní ọjọ́ Sátidé kan, kí ẹ tún gbogbo nọ́ńbà inú fóònù yín kọ pẹ̀lú +234. Kò ní dí yín lọ́wọ́ ní Ìkẹ́rẹ́, torí +234 ń ṣiṣẹ́ nínú ilé náà. Kí ẹ sì kọ nọ́ńbà mẹ́wàá tó ṣe pàtàkì jù sínú ìwé, kí ìwé náà wà nínú àpò ọwọ́, kó má wọ inú àpótí tí wọ́n máa tì sábẹ́ ọkọ̀.

Ó di ti Bàbá. Màmá, nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, ti Bàbá ló jẹ mí lógún jù. Ẹni tó ń lọ ni gbogbo ayé máa ń múra fún. Ẹni tó kù nílé, wọ́n á ní “a ó máa pè yín”, ó tán. Ìpè sì rèé, apá méjì ló ní. Bí apá ti Manchester bá pé, tí ti Ìkẹ́rẹ́ kò pé, ẹ ò ní gbóhùn ara yín.

Ẹ má fi WhatsApp yọ Bàbá lẹ́nu. Àwọn kan á ní kí ẹ ra fóònù kékeré tó ń gbé WhatsApp fún wọn, èyí tó ń lo KaiOS, ètò kan tó ń darí irú fóònù bẹ́ẹ̀. Ẹ má rà á, nítorí WhatsApp ti kúrò lórí KaiOS ní 2025. Fóònù onítọ́ọ̀ṣì wọn ti tó. Ọmọ yín ní Manchester ni kó ra síìmù fún yín lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ta ìṣẹ́jú ìpè òkè òkun pọ̀ mọ́ dátà, irú Lebara tàbí Lycamobile, kó sì rí i dájú pé Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ìṣẹ́jú náà dé, torí kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó máa ń wà. Ìpè sí Nàìjíríà wọ́n ju ìpè sí orílẹ̀-èdè púpọ̀ lọ. Ilé-iṣẹ́ tó bá gbé ìpè wá láti òkè òkun gbọ́dọ̀ san owó fún ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà tó gbé e dé etí Bàbá, NCC sì sọ owó náà di sẹ́ǹtì 10 owó Amẹ́ríkà fún ìṣẹ́jú kan ní 2022.

Owó yẹn ló ń mú kí àwọn kan máa yọ́ ìpè wọlé. Wọ́n á gbé e gba orí íntánẹ́ẹ̀tì dé Nàìjíríà, wọ́n á wá fi síìmù ibí tì í wọ inú nẹ́tíwọ́ọ̀kì bíi pé Adó ni wọ́n ti pè é. Ohun tí Bàbá máa rí lójú fóònù wọn nígbà náà ni nọ́ńbà Nàìjíríà kan tí wọn kò mọ̀ rí, tó sì lè yàtọ̀ lọ́la. Bàbá tí wọ́n ti kìlọ̀ fún pé kí wọ́n má gbé nọ́ńbà àjèjì kò ní gbé e. Ẹ̀yin á máa pè, ọkàn yín á máa já, bẹ́ẹ̀ ni fóònù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe ni pé kí ẹ fi àkókò sí i. Ẹ mú ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, aago mẹ́jọ alẹ́ Ìkẹ́rẹ́. Nọ́ńbà yòówù tó bá wọlé lákòókò yẹn, kí Bàbá gbé e. Tó bá jẹ́ ìgbà mìíràn ni nọ́ńbà àjèjì pè, tí ẹni náà wá ní “Màmá ti ṣubú, wọ́n wà ní ọsibítù ní London, ẹ tètè fi owó ránṣẹ́”, kí Bàbá má jiyàn, kí wọ́n má bínú. Kí wọ́n kàn bi í léèrè oríkì àbígbẹ̀yìn yín. Gbájúẹ̀ lè mọ orúkọ yín, ó lè mọ ìlú tí ẹ lọ, ó tilẹ̀ lè ti rí fọ́tò ìkómọ lórí Facebook. Kò lè mọ oríkì ọmọ tí wọ́n ń pè nínú ilé nìkan. Ẹ jọ fẹnu kò lórí rẹ̀ kí ẹ tó lọ, kí ẹ sì sọ fún Bàbá pé ẹ̀yin náà kò ní bínú bí wọ́n bá bi yín ní alẹ́ ọjọ́ kan.

Ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dúró nínú ilé yín náà ṣe kókó. Ẹ̀yin ará Ìkẹ́rẹ́ mọ̀ pé àárín àpáta Olósùnta àti Òròòlé kì í ṣe ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Àpáta máa ń dènà ìgbì, yàrá kan lè ní igi mẹ́rin kí èkejì má ní ẹyọ kan. Ẹ wá ibi tí ó ti dúró jù, ẹ gbé àga Bàbá síbẹ̀ báyìí, kó tó di pé ẹ lọ. Fóònù kékeré ń pẹ́ kí iná rẹ̀ tó tán, àmọ́ kí ọmọ ilé kan mọ̀ pé iṣẹ́ òun ni láti fi í sí iná ní ọ̀sán ọjọ́ ìpè.

Tí Bàbá bá fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ kí àkókò tó tó? Ọkàn wọn á lọ sí fíláàṣì, bí gbogbo wa ti ń ṣe. Ẹ gbà wọ́n níyànjú kí wọ́n má ṣe é. Lọ́pọ̀ láìnì ní UK, bí ẹ kò bá tètè gbé e, voicemail ló ń dáhùn, bí ó bá sì ti dáhùn, owó ìpè òkè òkun ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn nìyẹn. Kí Bàbá pe ẹbí kan tó wà nítòsí, kí ìyẹn fi WhatsApp jíṣẹ́, kí ẹ̀yin wá pè. Nọ́ńbà UK yín náà, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri fún wọn pẹ̀lú +44 àti láìsí òdo iwájú. Nọ́ńbà fóònù alágbèéká ọ̀hún ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 07, nítorí náà +447 ni wọ́n máa tẹ̀ kí ìyókù tó tẹ̀ lé e. Ìpè tó bá wọlé sórí síìmù UK yín nígbà tí ẹ wà ní UK kò ní ná yín ní kọ́bọ̀.

Àtira síìmù ní Manchester kò le. Wọn ò ní bèèrè páálí ìdánimọ̀ lọ́wọ́ yín fún èyí tí èèyàn ń sanwó rẹ̀ ṣáájú. Ó wà ní Tesco, ó wà ní ASDA. Ẹ má rà á ní pápákọ̀ òfuurufú, ó wọ́n níbẹ̀. Nígbà tí ẹ bá fi í sí ihò kejì, WhatsApp lè bi yín bóyá ẹ fẹ́ yí nọ́ńbà padà. Ẹ kọ̀. Nọ́ńbà Nàìjíríà ni kó wà lórí WhatsApp títí ẹ ó fi dé, kí àwọn ará ilé lè máa rí yín. Ẹnikẹ́ni tó bá sì ní kí ẹ ka nọ́ńbà mẹ́fà tí WhatsApp fi ránṣẹ́ fún òun, ì báà jẹ́ orúkọ pásítọ̀ ló fi pè, ẹ má kà á. Olè ni.

Bí ẹ bá fẹ́ pe ọ́fíìsì kan lọ́hùn-ún, 0800 àti 0808 jẹ́ ọ̀fẹ́ lórí fóònù, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 03 kò ju ìpè lásán lọ, àmọ́ 084, 087 àti 09 ń jẹ owó gan-an. Ẹ bi ọmọ yín kí ẹ tó tẹ̀ wọ́n.

Ọmọ yín á padà sí ibi iṣẹ́ bó pẹ́ bó yá, á ku ẹ̀yin àti ọmọ jòjòló nílé. Torí èyí ni mo fi ń bẹ̀ yín: 999 ni nọ́ńbà pàjáwìrì ọ̀hún, 112 náà ń ṣiṣẹ́. WhatsApp kò lè pè é. Orí síìmù ni ẹ ti máa pè é bí ìpè lásán, kódà bí kírẹ́díìtì bá ti tán. Ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi yín ni ibi tí ẹ wà, nítorí náà ẹ ní kí ọmọ yín kọ àdírẹ́sì ilé náà pẹ̀lú postcode rẹ̀ sára ilẹ̀kùn ilé ìdáná kí ó tó padà síṣẹ́. Fún àìsàn tí kò tó pàjáwìrì, irú kí ara ọmọ gbóná díẹ̀ lóru, 111 ni ẹ máa pè, ọ̀fẹ́ ni. Bí ojora bá mú yín tí Gẹ̀ẹ́sì sá lọ, ẹ sọ pé “Yoruba”, wọ́n lè wá ògbufọ̀ fún yín.

Houston wá ńkọ́? Níbẹ̀ ni Tecno yín ti lè já yín kulẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti pa àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì àtijọ́. Ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì AT&T ti pa 2G láti ìbẹ̀rẹ̀ 2017, ó sì pa 3G ní oṣù kejì 2022; T-Mobile pa 3G tirẹ̀ ní oṣù keje ọdún yẹn, Verizon ní ìparí rẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ń pè jù báyìí ni 4G àti 5G, fóònù sì gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ohùn gba orí 4G, èyí tí wọ́n ń pè ní VoLTE, lọ́nà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà fọwọ́ sí. Ọ̀pọ̀ fóònù tí wọ́n ṣe fún ọjà Áfíríkà kò sí nínú ìwé orúkọ wọn. Ẹ wo orúkọ Tecno náà nínú Settings, ní About phone, ẹ fi ránṣẹ́ sí ọmọ yín ọkùnrin báyìí, kó lọ béèrè. Bí wọ́n bá ní kò lè ṣiṣẹ́, ẹ má ra nǹkankan nítorí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Wáífáì ilé rẹ̀ ti tó fún WhatsApp, kó sì yá yín ní fóònù kan tí ẹ lè fi pe Bàbá àti 911, nọ́ńbà pàjáwìrì ti Amẹ́ríkà, nígbà tí ẹ bá dá wà nílé. Ẹ ti gba owó yòókù yín nílé báńkì jáde tàbí kí ẹ ti san ohun tí ẹ fẹ́ san kí ẹ tó kúrò ní Manchester, torí bí síìmù Nàìjíríà kò bá rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní Houston, nọ́ńbà àṣírí báńkì kò ní wọlé.

Ó ku ọ̀rọ̀ aago. Nígbà tí ẹ bá débẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, aago Manchester àti ti Ìkẹ́rẹ́ á dọ́gba. Ní Sunday tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá, wọ́n á fa aago ọ̀hún sẹ́yìn ní wákàtí kan, Nàìjíríà kì í sì í yí tirẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn lọ, aago méje alẹ́ Manchester ni ẹ máa pe Bàbá kó tó bọ́ sí mẹ́jọ tiwọn. Ní Houston lóṣù kìíní, wákàtí méje ló wà láàárín yín: mẹ́jọ alẹ́ Ìkẹ́rẹ́ jẹ́ aago kan ọ̀sán níbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí Bàbá máa yí àkókò tiwọn kiri. Mẹ́jọ alẹ́ ni kó jẹ́ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹ̀yin ni kí ẹ máa wo aago.